Tíṣà fa "more better" ọmọ mi ya, kí ló burú níbẹ̀ gan-an?

ÌyáÌbejì_Ọ̀tà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ẹni tó gbọ́ gírámà Òyìnbó dáadáa, kì í ṣe ẹni tó kàn fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín o, torí mo mọ̀ yín. Kẹ́hìndé mi wà ní JSS 2, wọ́n ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa ibi tí wọ́n ti lo họlidé, ó wá kọ ọ́ pé "My grandmother's house in Ijebu is more better than our own and it is the most biggest house in the street." Tíṣà fi bíró pupa fa "more" ya, ó fa "most" ya, ó yọ máàkì méjì, kò sì kọ nǹkan kan sí i ju àmì ìbéèrè gbàǹgbà kan lọ. Ọmọ gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní "Màámi, ṣebí 'more' ni 'jù', kí ló wá burú níbẹ̀?" Mo dákẹ́ o. Torí èmi gan-an tí mò ń ta aṣọ yìí, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún kọ́sítọ́mà pé "this one is more better, madam", wọ́n sì ń rà á. Tí mo bá kàn ní "bí Òyìnbó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn", ọmọ yẹn ò ní gbà, á máa bi mí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ gbà mí.

Tíṣà_Àkúrẹ́
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Irú "more" yẹn, mo ti fa á ya títí bíró fi tán nínú ẹ̀, ẹ sọ fún Kẹ́hìndé pé òun nìkan kọ́.

Ọ̀nà méjì ni Òyìnbó ní tó fi ń sọ pé nǹkan kan ju èkejì lọ. Àkọ́kọ́, kó so ìrù mọ́ ọ̀rọ̀ nídìí: tall, taller, tallest. Èkejì, kó fi "more" tàbí "most" ṣíwájú ẹ̀: more beautiful, most beautiful. Ọ̀rọ̀ kan kì í gba méjèèjì pọ̀. Ó dà bí ẹni tó dé fìlà tán tó tún wá we gèlè lé e, orí kan náà ṣá ni.

Èwo ló wá ń gba èwo? Ẹ ní kó máa pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ àtẹ́wọ́ kan, bíi big, cold, cheap, ìrù ni. Tó bá tó mẹ́ta sókè, bíi expensive, difficult, intelligent, "more" ni, kò sí ìjà níbẹ̀. Alátẹ́wọ́ méjì ni ilé wàhálà. Èyí tó bá parí sí "y" á sọ "y" yẹn di "i" kó tó gba ìrù: happy, happier, dirty, dirtier, heavy, heavier. Clever, narrow, simple náà ń gba ìrù. Ṣùgbọ́n modern, careful, useless, "more" ni tiwọn. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé èyí tó bá wù ẹ́ ni kó o mú, bíi common àti polite, kò sẹ́ni tó máa mú ẹ.

Sípẹ́lì náà o. Big, hot, thin, fat, ẹ wò ó, fáwẹ̀lì kan, kọ́ńsónáǹtì kan nídìí. Kọ́ńsónáǹtì yẹn á di méjì: bigger, hotter, thinner, fatter. Sweet ò rí bẹ́ẹ̀, fáwẹ̀lì méjì ló wà níbẹ̀, sweeter ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ "hoter" fún mi, mo máa ń rò pé hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fẹ́ kọ tí bíró wọn fi tán.

"Better" wá ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ìrù wà lára ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìrù yẹn lẹ̀ mọ́ ò sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ pé ilé kan "bet". Ìdí nìyẹn tí ọmọ ṣe ń rò pé odindi ọ̀rọ̀ ni, bí ìgbà tá a bá ní "dára". Kò mọ̀ pé "jù" ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni worse àti worst, less àti least. Ìyẹn, àkọ́sórí ni, kò sí ọgbọ́n míì tá a lè dá sí i.

Bọ́dúnrìn_Gáréèjì
Tíṣà ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni most handsomest mechanic ní gbogbo Mushin, ẹ fa ìyẹn náà ya ká wò ó 😂

Ọmọ_Peckham
@ÌyáÌbejì_Ọ̀tà ẹ má jẹ́ kó dùn yín o. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí ọmọ tèmi sí, ọmọ ọdún márùn-ún ni, Òyìnbó nìkan ló gbọ́ dénú, àná ló sọ fún mi pé "Mummy, your rice is gooder than school rice." Inú mi dùn sí ìrẹsì, mo ní ká fi gírámà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Funner" náà ń jáde lẹ́nu ẹ̀ dáadáa. Tíṣà wọn ní ọmọ tó bá ń sọ "gooder" ti mọ òfin nìyẹn, ó rí tall àti taller, ó ní kí good náà wá gba ìrù, ẹni tó ń ronú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló máa bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé "gooder" ni tiwọn níbí, "more better" ni tiwa nílé. Kí ló fà á tí àṣìṣe ò fi jọra?

Alágbàlá_Ìwé
Ẹ̀yin ẹ ń pè é ní àṣìṣe, ó ní ìgbà kan tí kì í ṣe àṣìṣe o. Shakespeare fúnra ẹ̀ lò ó. Nínú eré ẹ̀ tó ń jẹ́ Julius Caesar, níbi tí Antony ti gbé aṣọ Caesar sókè níwájú èrò tó ń fi ibi tí ọ̀bẹ gbà wọlé hàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ìgbà tó dé ojú ọ̀bẹ Brutus tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àtàtà Caesar, ó ní "This was the most unkindest cut of all." Most, ó tún so "est" mọ́ ọn. Ó mọ ohun tó ń ṣe, ó fẹ́ kó ro wọ́n lára. Ẹ lọ wo Bíbélì Òyìnbó ti ọdún 1611 náà, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 26:5, Pọ́ọ̀lù ní Farisí lòun, "the most straitest sect of our religion." Kò sí tíṣà tó fa Pọ́ọ̀lù ya.

Ta ló wá bà á jẹ́? Àwọn oníwèé gírámà ni. Ní ọdún 1762 Robert Lowth, ẹni tó padà di bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìwé gírámà jáde, ó ní ìfiwéra oníméjì ò dáa. Ibi tó wá dùn níbẹ̀ ni pé ó yọ ẹyọ kan sílẹ̀: "most Highest" tó wà nínú Sáàmù àtijọ́. Ó ní ti Ọlọ́run yàtọ̀, torí Ọlọ́run ga ju ẹni tó ga jù lọ.

Wọ́n ò tiẹ̀ lè pa á tán. "Lesser" tí wọ́n ń kọ nínú ìwé títí dòní, "less" tó ti ní "jù" nínú ni wọ́n tún fi ìrù lé. "Near" náà, ìfiwéra ni tẹ́lẹ̀ o, "nigh" ni ìyá ẹ̀, "next" sì ni àbíkẹ́yìn wọn. Òyìnbó gbàgbé pé "near" ti nírù, ló bá tún so òmíì mọ́ ọn, ó di "nearer". More better náà kọ́ nìyẹn?

Bọ́dúnrìn_Gáréèjì
Ẹ̀n-ẹ́n! Ọlọ́run nìkan ni wọ́n fún láyè láti jẹ́ "most highest", Kẹ́hìndé wá lọ fi fún ilé ìyá àgbà n'Ijẹ̀bú. Ìgbéraga ni wọ́n tìtorí ẹ̀ yọ máàkì o, kì í ṣe gírámà.

ÌyáÌbejì_Ọ̀tà
😂😂 Bọ́dúnrìn o ò ní pa mí. Ẹ ṣé o Alágbàlá, àmọ́ Shakespeare ò ní bá ọmọ mi jókòó ẹ̀sáámù. Mi ò sì tíì rí ìdáhùn ìbéèrè ẹ̀ o, ó ní ṣebí "more" ni "jù".

Àdùkẹ́_Onímọ̀Èdè
Ìbéèrè Kẹ́hìndé yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ọmọ yẹn lóye. Òun náà ló sì máa dá Ọmọ_Peckham lóhùn.

Ẹ wo "jù" wa dáadáa. Tá a bá ní "Adé ga ju Ọlá lọ", "ga" ò yí padà rárá, kò gba ìrù, kò gba orí. "Jù" ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìṣe sì ni, ó lè dá dúró láyè ara ẹ̀: "ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ", "owó ẹ̀ ju tèmi". Ẹni tó juni lọ lè juni nù, kò sí "ga" tàbí "lówó" kankan nínú ìyẹn, "jù" nìkan ti sọ ọ́ tán. Kì í ṣe àwa nìkan. Hausa ń lo "fi" bẹ́ẹ̀, Ígbò ń lo "ka". Pijin tiẹ̀ lọ mú "pass" lọ́wọ́ Òyìnbó, ó sọ ọ́ di "jù": "E tall pass me." Krio àwọn ará Freetown náà ń lo "pas" bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ èdè kan tó ń jẹ́ Leon Stassen pín èdè àgbáyé sí ọ̀wọ́ mẹ́rin lórí bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan wé nǹkan, ọ̀wọ́ tó ń lo ọ̀rọ̀ ìṣe bíi "jù" yìí, ilẹ̀ Áfíríkà ló pọ̀ sí jù, àti apá gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà.

Nítorí náà ọmọ tó ń fi Yorùbá ronú, ibi tó máa gbé "jù" sí ló ń wá. Ó rí "more", ó ní ó tán. Ọmọ Peckham ò ní "jù" kankan lórí, ìrù nìkan ló mọ̀, ló ṣe so ó mọ́ "good". Ohun tó wà nílé ni oníkálukú mú jáde.

Ẹ wá gbọ́ èyí. "Sàn" wa yẹn, ìfiwéra ti wà nínú ẹ̀ kí "jù" tó dé. Tí aláìsàn bá ní "ara mi ti sàn", ó ń sọ pé ó dáa ju ti àná lọ ni. Síbẹ̀ a ṣì ń gbé "jù" lé e, "ó sàn ju tiwa lọ", kò sì sẹ́ni tó fi bíró pupa fa á ya. "More better" ni "sàn jù", ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Yorùbá tó mọ́ kedere ni Kẹ́hìndé kọ, aṣọ Òyìnbó ló wọ̀ fún un.

Bàbá_Ṣàngótẹ̀dó
Ẹ kú ọgbọ́n o ẹ̀yin onímọ̀. Mo kà á títí, ojú mi ń ṣú. Nígbà tiwa, tó o bá sọ Yorùbá ní kíláàsì wọn á gbé pátákó kọ́ ẹ lọ́rùn, wàá sì san kọ́bọ̀, a kọ́ ọ, a mọ̀ ọ́n, a páàsì. Good better best, a fi ṣe orin, ó parí. Ẹ má fi "jù" àti "sàn" da ọmọ lórí rú, ẹ ní kó há a sórí.

Tíṣà_Àkúrẹ́
Bàbá, ẹ má bínú sà, mo gbà pẹ̀lú yín pé good better best, àkọ́sórí ni. Àmọ́ àwọn tí wọ́n gbé pátákó kọ́ lọ́rùn yẹn náà ló dàgbà tí wọ́n ń sọ "more better" ní ṣọ́ọ̀bù lónìí, sà. Ogún ọdún ni mo ti ń fa á ya, kò lọ. Ohun tí Àdùkẹ́ sọ yìí, mi ò gbọ́ ọ rí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́ tíṣà, mo máa lò ó lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Bàbá_Ṣàngótẹ̀dó
Ó dáa, ẹ lò ó. Tó bá ṣiṣẹ́ ẹ wá sọ fún wa.

Nọ́ọ̀sì_Leeds
Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí "jù" ti dójú tì mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Leeds, ìyá arúgbó Òyìnbó kan ló gbà mí sílé, ó wá se ọbẹ̀ tòmátò lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo tọ́ ọ wò, ó wọ̀ mí lára, mo bá yìn ín tọkàntọkàn, mo ní "Ah, mummy, this soup is too sweet!" Ojú ìyá fà ro. Ó ní "Oh, I'm so sorry, dear", ó gbé abọ́ kúrò níwájú mi, ó gbé bísíkíìtì àti wàràkàṣì wá. Ebi ń pa mí, mo jókòó, mò ń wo ọbẹ̀ bó ṣe ń lọ.

"Ó dùn jù" ni mo ṣáà fẹ́ sọ. "Jù" wa lè yin nǹkan, ó lè bú u, ojú àti ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ la fi ń mọ̀. "Ó gbóná jù" lè jẹ́ pé mi ò lè mu ún, ó sì lè jẹ́ pé òun ló gbóná jù nínú gbogbo wọn. Tá a bá fi "lọ" sí i, "ó dùn jù lọ", ìyẹn ti bọ́ sínú ìyìn. "Too" tiwọn ò nírú ojú méjì yẹn, pé ó ti kọjá ààlà nìkan ló mọ̀. "Sweet" tún wà níbẹ̀, ìyá rò pé mo ní ṣúgà pọ̀ nínú ọbẹ̀. Ẹ kọ́ Kẹ́hìndé ní ìyẹn náà kó tó wọ bàálù.

Àdùkẹ́_Onímọ̀Èdè
@Nọ́ọ̀sì_Leeds pẹ̀lẹ́ o 😂 "I love you too much" náà, ibẹ̀ ló ti wá. Òyìnbó gbọ́ ọ, ó rò pé o fẹ́ fi òun sílẹ̀.

Ọmọ_JAMB
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mò ń múra JAMB. "I prefer amala than rice", ó tọ̀nà àbí kò tọ̀nà? Tíṣà lẹ́sìn mi ní kò tọ̀nà, kò sì sọ ìdí.

Tíṣà_Àkúrẹ́
Kò tọ̀nà. "I prefer amala to rice" ni. Látìnì ni "prefer" ti wá, ìfiwéra ti wà nínú ẹ̀, "to" ló ń bá rìn. Ẹgbẹ́ ẹ̀ ni senior, junior, superior, inferior. Ẹ má sọ "he is senior than me" mọ́, "senior to me" ni, ẹ má sì sọ "more superior". Òmíì tí wọ́n fẹ́ràn láti bi yín ni tẹni méjì: tó bá jẹ́ èèyàn méjì, "the taller of the two", tó bá di mẹ́ta sókè ni "the tallest". Ẹni tó bá kọ tallest fún méjì, Òyìnbó ojú títì á gbà á fún un, ẹ̀sáámù ò ní gbà á.

Bọ́dúnrìn_Gáréèjì
Tíṣà mo fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ gidi báyìí o. Mo ní kí pẹ́ńtà kọ ọ́ sára ògiri gáréèjì mi pé "WE REPAIR MORE FASTER". Ó tọ̀nà?

Tíṣà_Àkúrẹ́
Bọ́dúnrìn! "FASTER" nìkan. Ìyẹn bọ́ sínú ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, bí èèyàn ṣe ń ṣe nǹkan. Òfin ẹ̀ ò le: èyí tó bá ti ní "ly" nídìí, "more" ló ń gbà, more carefully, more slowly. Èyí tí kò ní, bíi fast, hard, late, soon, ìrù ni. "Early" nìkan ló ń ṣe bí ọmọ tí ò gbọ́ràn, earlier ni. "Well" sì ń lọ gba better lọ́wọ́ "good", àwọn méjèèjì jọ ń lò ó. Kó o wá ṣọ́ra fún "hardly" o, tó o bá kọ "we work hardly", o ti sọ fún kọ́sítọ́mà pé ẹ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́.

Bọ́dúnrìn_Gáréèjì
Pẹ́ńtà ti gba owó. Mo máa ní kó fi ọ̀dà funfun pa "MORE" rẹ́, àyè tó bá kù, ká ya sípánà síbẹ̀.

Ará_Houston
Mo kàn fẹ́ fi tèmi kún un. Wọ́n kọ́ wa nílé pé "perfect" kì í gba "more", torí ohun tó ti pé ti pé. Ìgbà tí mò ń múra ìdánwò láti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mo ṣí òfin wọn ti ọdún 1787, mo fẹ́ ka "We the People" tí wọ́n máa ń béèrè, gbólóhùn kan náà yẹn ni mo ti rí "in order to form a more perfect Union". Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Tíṣà wa àtijọ́ ì bá ti yọ máàkì méjì lára Amẹ́ríkà.

ÌyáÌbejì_Ọ̀tà
Mo ti padà dé o, ẹ má bínú, iná ni wọ́n mú lọ. Mo jókòó ti Kẹ́hìndé lálẹ́ àná, mo kọ better sórí páálí, mo kọ "dára + jù" sábẹ́ ẹ̀. Mo ní "jù" yẹn ti wà nínú ikùn ẹ̀, tó o bá tún gbé "more" wá, "jù" méjì nìyẹn. Ó wò ó títí. Ó ní ṣé òun ò wá lè sọ pé ilé màmá dáa jìnnà sí tiwa ni, mo ní dúró, mo wo fóònù.

Tíṣà_Àkúrẹ́
Ó lè sọ ọ́ dáadáa. "Much better" tàbí "far better". "Very better" ni kò gbọ́dọ̀ kọ.

ÌyáÌbejì_Ọ̀tà
Ẹ ṣé sà. Ó ti tún un kọ: "My grandmother's house is much better than ours and it is the biggest house in the street." Inú ẹ̀ dùn, ó ní òun máa fi gbólóhùn kan parí ẹ̀, ó kọ "I am the eldest of the two of us." Mo rántí ohun tí Tíṣà sọ fún Ọmọ_JAMB, mo ní èèyàn méjì ni yín, "elder" ni, o sì lè ní "I am older than Taiwo". Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.

Táíwò tó ti ń díbọ́n pé òun ń sùn látàárọ̀ fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní irọ́ ni, òun lòun kọ́kọ́ jáde, kí wọ́n fa ìyẹn náà ya. Kẹ́hìndé ní òun lòun rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò, ẹ̀gbọ́n ló ń ránni níṣẹ́. Táíwò ní kó lọ ṣàlàyé ìyẹn fún tíṣà Òyìnbó. Wọ́n ti já bíró gbà lọ́wọ́ ara wọn báyìí, ẹ jẹ́ kí n lọ là wọ́n.